Mo Mọ̀, Mo Sì Dákẹ́

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ kò gùn lẹ́nu. Mo mú ìyá mi gba ọ̀nà tí orúnkún wọn kò lè rìn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí a tó wọ̀ ọ́, n kò sì sọ fún wọn. Egungun ìbàdí wọn ṣẹ́ níbẹ̀. Owó tí èmi àti ìyàwó mi ti ń tọ́jú láti fi ra ilé bá a lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe egungun, kì í sì í ṣe owó, ló mú mi gbé kálàmù. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìṣubú náà burú ju èyí tí mo ṣe ṣáájú rẹ̀ lọ, n kò sì tíì sọ ọ́ ní gbangba rí.

Mo ń kọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun bíi tèmi, tí ẹ ń retí Màmá tàbí Bàbá láti ilé, tí ẹ sì ti ń ro ibi tí ẹ máa mú wọn lọ. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ wa, etí wa ni wọ́n fi ń gbọ́ràn, ẹnu wa ni wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀. Ẹrù ńlá ni wọ́n gbé lé wa lórí yẹn, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde.

Ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà ni à ń gbé. Nígbà tí Màmá wá bá wa ní àkókò ìsinmi àwọn ọmọ, mo pinnu pé wọn kò ní jókòó sílé máa wo tẹlifíṣọ̀n títí ọjọ́ àtipadà yóò fi pé. Mo fẹ́ mú wọn lọ sí Mammoth Cave ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Kò sí ihò ilẹ̀ tí a mọ̀ ní gbogbo ayé tó gùn tó o. Ibi tí ènìyàn ti fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ti yà sínú àwòrán ilẹ̀, ti lé ní 420 máìlì, wọn kò sì tíì rí òpin rẹ̀. Ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1941, UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo àgbáyé ní 1981.

Ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kọ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn. Stephen Bishop ni. Ẹrú ni. Kò ju ọmọ ọdún bíi 17 lọ ní 1838, nígbà tí ọ̀gá rẹ̀, Franklin Gorin, ra ihò náà tó sì ní kó máa mú àwọn àlejò wọ inú rẹ̀. Kò pẹ́ tí Bishop fi mọ inú òkùnkùn yẹn ju àwọn tó ni í lọ. Ọ̀gbun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n sọ pé kò nísàlẹ̀, Bottomless Pit, ibẹ̀ ni gbogbo àlejò ti máa ń yí padà. Òun àti àlejò kan ló kọ́kọ́ sọdá rẹ̀. Ó rí àwọn odò tó ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀, ó rí ẹja funfun tí kò lójú nínú wọn. Ní 1842, lábẹ́ ọ̀gá tuntun, Dókítà John Croghan, ó ya àwòrán gbogbo ibi tí wọ́n ti mọ̀ nínú ihò náà láti inú orí ara rẹ̀. Wọ́n tẹ àwòrán yẹn sínú ìwé lẹ́yìn náà, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹrú ni síbẹ̀. 1856 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ní 1857 ló kú, kò tíì pé ẹni ogójì ọdún. Itẹ́ òkú àwọn amọ̀nà tí wọ́n sin ín sí kò jìnnà sí ẹnu ihò.

Kì í ṣe òun nìkan. Mat àti Nick Bransford náà jẹ́ ẹrú tí wọ́n fi yá àwọn tó ni ihò láti máa ṣe amọ̀nà. Lẹ́yìn tí òmìnira dé, àwọn Bransford kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọmọ gba á lọ́wọ́ bàbá, ọmọ-ọmọ gba á lọ́wọ́ ọmọ. Nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ kò jẹ́ kí aláwọ̀ dúdú sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì tó wà létí ihò, Matt Bransford, ọmọ-ọmọ Mat, àti ìyàwó rẹ̀ ṣí ilé àlejò fún àwọn ẹ̀yà wọn. Nígbà tí ìjọba ń ra ilẹ̀ láti fi ṣe ọgbà, ilé náà bá a lọ, iṣẹ́ amọ̀nà sì bọ́ mọ́ ìdílé wọn lọ́wọ́. Ọdún 2004 ni àtọmọdọ́mọ wọn kan, Jerry Bransford, tó padà sídìí iṣẹ́ àwọn baba ńlá rẹ̀.

Ìtàn yìí ń gbóná nínú mi. Mo fẹ́ kí ìyá mi dúró níbi tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn dúró sí. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí ìyá àgbà wọn níbẹ̀, kí a ya fọ́tò, kí a sì sùn nínú ọgbà náà láìsí ẹni tí yóò lé wa. Ìfẹ́ yìí kò burú. Ohun tó burú ni pé mo jẹ́ kó tóbi ju ara Màmá lọ.

Ojú òpó ọgbà náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò fi nǹkan pamọ́. Oríṣiríṣi ìrìn-àjò ló wà sínú ihò, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí yóò ti pẹ́ tó, bí ọ̀nà ti gùn tó, iye àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀. Èyí tí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìsàn pàápàá lè lọ wà, ẹ̀rọ agbéniròkè ló ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀. Òmíràn tún wà, Frozen Niagara, tó kúrú, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ kò sì pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ibi tó kúrú yẹn ló lẹ́wà jù. Òkúta iyanrìn ló bo orí òkúta ẹfun ní ọ̀pọ̀ ibi ní Mammoth Cave, kì í jẹ́ kí omi òjò kán wọ inú ihò, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tó pọ̀ nínú rẹ̀ fi gbẹ tí ògiri rẹ̀ sì dán borogidi láìsí ọ̀ṣọ́. Ibi tí òkúta iyanrìn bá ti já ni omi ti ń rí ọ̀nà wọlé, ibẹ̀ ni àwọn òkúta títàn ti ń dàgbà, tí wọ́n rọ̀ wálẹ̀ láti òkè bí aṣọ tí wọ́n ta sí ìsọ̀. Màmá mi, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta aṣọ ní ọjà Gbági ní Ìbàdàn, ì bá dúró síbẹ̀ wò ó títí.

Mo fò gbogbo ìyẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Historic Tour ni mo sanwó fún, nítorí ọ̀nà Bishop ló ń gbà. Wọ́n kọ ọ́ pé máìlì 2 ni, pé yóò gba wákàtí 2, pé àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 400, pé àwọn ibi tóóró àti ibi tí a óò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún ẹni tí orúnkún, ọkàn tàbí èémí ń yọ lẹ́nu. Mo kà á láti òkè délẹ̀. Ní àkókò tí mò ń kà á, Màmá wà ní pálọ̀, wọ́n ń fi ìpara Aboniki pa orúnkún méjèèjì.

Ìyàwó mi bi mí pé, “Ṣé Màmá á lè gùn ún?” Mo ní, “Wọ́n lágbára ju bí o ṣe rò lọ. Ṣé o mọ̀ pé wọ́n gun Òkè Ìdànrè?” Lóòótọ́ ni, Màmá gun Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ọmọge ni wọ́n nígbà náà, wọn kò tíì bí ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé n kò dáhùn ìbéèrè ìyàwó mi. Ó tún rán mi létí íńṣọ́ránsì ìlera tí àwọn ènìyàn ń rà fún òbí tó bá wá kí wọn. Mo ní ìgbà tí Màmá máa lò kò pọ̀, pé nǹkan kan kò ní ṣe wọ́n lágbára Ọlọ́run. Owó tí ǹ bá fi ra íńṣọ́ránsì ni mo fi ra àgọ́, bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ àti sítóòfù tí a máa fi dáná.

Ibùdó àgọ́ tí a sùn sí wà nínú ọgbà náà, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Abẹ́ igi ni. Ààyè tí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá gbà ní tábìlì àti òrùka irin tí wọ́n ń dáná sí. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé igi ìdáná wá láti ibòmíràn, nítorí kòkòrò kan tó ń pa igi ash máa ń bá igi gígé rìn láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìyẹn fún Màmá, wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Ẹ̀kọ́ gidi nìyẹn. Ohun tí ènìyàn ò mọ̀ pé òun gbé wọ̀lú ló ń pa ìlú run.”

Inú Màmá dùn ní ibùdó yẹn débi pé ẹnu yà mí. Wọ́n din dòdò, wọ́n se ọbẹ̀ ata lórí iná igi, òórùn rẹ̀ sì mú kí obìnrin òyìnbó tó wà ní àgọ́ kejì wá béèrè ohun tó wà nínú ìkòkò. Wọ́n bù fún un. Àgbọ̀nrín jáde wá jẹ koríko nítòsí wa, àwọn ọmọ fẹ́ ké, Màmá fi ìka síwájú ẹnu. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tanátaná bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri abẹ́ igi, wọ́n sì pa àlọ́ ìjàpá fún àwọn ọmọ títí èyí àbíkẹ́yìn fi sùn sí wọn lẹ́sẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n sọ fún mi pé, “Àkànjí, ibí yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ẹ bá fi mí sílẹ̀ níbí lọ́la, tí ẹ̀yin lọ wo ihò yín, n ó máa dáná dè yín ni.”

Màmá fúnra wọn ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún mi. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà: “Ó dáa, Màmá, àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀ lóòótọ́.” Mo ti sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ti ya fọ́tò náà tán lọ́kàn. Mo ní, “Ẹ̀yin gan-an la torí ẹ̀ wá, Màmá.” Ọ̀rọ̀ yẹn wú wọn lórí, wọ́n sì súre fún mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, amọ̀nà wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ aṣọ òṣìṣẹ́ ọgbà, kó gbogbo wa jọ kí a tó sọ̀kalẹ̀. Ó fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní òtútù inú ihò kì í yí padà ní ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò, nǹkan bíi 54 ní òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 12 ní ti Celsius. Ó ní kí a má fọwọ́ kan òkúta. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ti àtẹ̀gùn: iye tí ó jẹ́, pé èyí tó le jù wà níparí, lẹ́yìn tí ó bá ti rẹ ènìyàn, pé bí a bá ti wọlé jìnnà kò sí ọ̀nà àbùjá. Ó ní bí orúnkún, ọkàn tàbí èémí ẹnikẹ́ni kò bá dá a lójú, kó sọ fún òun ní báyìí, kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Màmá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjà, Gẹ̀ẹ́sì ṣọ́ọ̀ṣì. Gẹ̀ẹ́sì ará Kentucky tó ń sáré yẹn kò yé wọn. Wọ́n fà mí láṣọ. “Kí ló wí?”

Mo ní, “Ó ní inú ibẹ̀ tutù, kí ẹ wọ súwẹ́tà yín. Ó ní ká má fọwọ́ kan òkúta.”

“Ìyẹn nìkan ló ń sọ látàárọ̀?”

“Ìyẹn náà ni, Màmá.”

Wọ́n wọ súwẹ́tà wọn. Ìyàwó mi wò mí, n kò wò ó.

A sọ̀kalẹ̀ gba ẹnu ihò tí gbogbo àlejò ìgbà àtijọ́ gbà. Afẹ́fẹ́ tútù ń tú jáde láti inú ilẹ̀, ó ń fẹ́ wa lójú. Nínú gbọ̀ngàn àkọ́kọ́, Rotunda, amọ̀nà fi àwọn àpótí igi ńláńlá hàn wá àti ọ̀pá igi tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ láti fi fa omi. Ní àkókò ogun tí Amẹ́ríkà bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní 1812, ibẹ̀ ni àwọn ẹrú ti ń wa ilẹ̀ ihò, tí wọ́n ń fi omi sẹ́ ẹ láti rí iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn. Èyí ni mo túmọ̀ fún Màmá dáadáa, láìfi ohunkóhun sílẹ̀. Wọ́n dúró, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Àwọn Ẹ̀gbá sá wọ abẹ́ Olúmọ kí wọ́n má baà kó wọn lẹ́rú. Àwọn wọ̀nyí, inú àpáta gan-an ni wọ́n ti ṣe ẹrú.” Nǹkan bíi 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá dó sí Abẹ́òkúta, kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ tí Bishop bẹ̀rẹ̀ sí í tan àtùpà síwájú àwọn àlejò ní Kentucky. N kò tíì fi ìtàn méjèèjì kẹ́gbẹ́ rí. Ìyá mi ló ṣe é, lójú ẹsẹ̀, nínú òkùnkùn. Mo sọ nínú ara mi pé ẹ ò rí i, mo jàre tí mo mú wọn wá.

Lẹ́yìn òkúta gàgàrà tí wọ́n ń pè ní Giant’s Coffin ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sísàlẹ̀. A fi afárá kọjá lórí ọ̀gbun tí Bishop sọdá. A wọ Fat Man’s Misery, tó tóóró tó sì ń lọ́ kiri, tí òkè rẹ̀ sì wálẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí èémí Màmá yí padà. Nígbà tí a bọ́ sí Great Relief Hall, níbi tí ènìyàn ti lè na ẹ̀yìn, wọ́n jókòó, wọ́n di orúnkún ọ̀tún mú. Wọ́n bi mí pé, “Àtẹ̀gùn ṣì kù?”

Mo mọ̀ pé Mammoth Dome ló kù. Ilé-ìṣọ́ irin ni, àtẹ̀gùn tó lé ní 100 ló ń gòkè lọ nínú rẹ̀, omi sì ń kán láti òkè. Mo ní, “Ó ku díẹ̀, Màmá.” Amọ̀nà wá sọ́dọ̀ àwọn tó jókòó, ó ń béèrè bóyá àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Mo na àtàǹpàkò sókè sí i, fún èmi àti fún ìyá mi.

Wọn kò gun àtẹ̀gùn náà dé ìdajì. Mo wà lẹ́yìn wọn, mo rí i tí orúnkún náà kọ̀, tí bàtà wọn sì yọ̀ lórí irin tútù. Ọwọ́ mi kan aṣọ wọn, kò mú un. Igbe tí wọ́n ké yí ká nínú ihò yẹn kó tó wálẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ṣe ohun gbogbo bó ti yẹ. Wọ́n darí àwọn yòókù jáde, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo Màmá, wọ́n pe àwọn ènìyàn sí i. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló gbà kí wọ́n tó gbé wọn jáde síta, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé àkéte náà, ìṣísẹ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Nínú ìrora yẹn, Màmá ń sọ fún àwọn tó ń gbé wọn pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú làálàá, mo ti yọ yín lẹ́nu.” Màmá ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Mo túmọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ òru ní ilé ìwòsàn, ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń rìn: kò sí íńṣọ́ránsì tó san èyíkéyìí nínú wọn. Ìwé owó ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, dókítà lọ́tọ̀, ẹni tó fún wọn ní oògùn akunnilóorun lọ́tọ̀, ọkọ̀ aláìsàn lọ́tọ̀. Ilé tí à ń fojú sọ́nà fún lọ. Màmá pẹ́ lọ́dọ̀ wa kọjá ìgbà tí wọ́n pinnu, ìsọ̀ wọn ní Gbági wà ní títì, àwọn oníbàárà wọn bá ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n padà sílé, wọn kò lè gun òkè ilé tí wọ́n fi owó ara wọn kọ́ mọ́. Yàrá ìsàlẹ̀, tó jẹ́ ti àlejò tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń sùn.

Mo wá dé ibi tó wúwo jù.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìbàdàn, mo ní ilẹ̀ tutù, àtẹ̀gùn ń yọ̀, ẹsẹ̀ Màmá yẹ̀. Kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fi wọ́n bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. Màmá fúnra wọn ló fi kún un. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè pé, “Ìwàǹwára mi ni. Mi ò fara balẹ̀ wo ibi tí mò ń tẹ̀.” Wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó mi. Wọ́n ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ èmi. Mo ń gbọ́, mo ń ní, “Kò burú, Màmá, kò sí nǹkan.” Mo ń dárí jì wọ́n fún ohun tí èmi ṣe.

Lẹ́yìn tí wọ́n padà, wọ́n ta góòlù wọn, ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí tí Bàbá rà fún wọn kí Bàbá tó papò dà, wọ́n sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí n fi dín gbèsè kù. Mo gbà á. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Owó góòlù ìyá mi ni èké tèmi gbà.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, mo tún ka ìtàn Dókítà Croghan, ọ̀gá Bishop. Ní 1842, ó mú àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ wọ inú ihò náà, ó kọ́ ilé kéékèèké fún wọn níbẹ̀ nítorí ó gbà pé afẹ́fẹ́ tí kì í yí padà yẹn yóò wò wọ́n sàn. Òkùnkùn, òtútù àti èéfín iná ni wọ́n bá níbẹ̀. Àwọn kan kú, wọ́n sì fòpin sí i láìpẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà ló pa Croghan fúnra rẹ̀ ní 1849. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń dá ọkùnrin náà lẹ́bi gan-an. Ní báyìí, ohun tí mò ń rí ni pé Croghan kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ní ayé ìgbà yẹn. Èmi mọ̀, nínú ìwé àti láti ẹnu amọ̀nà.

Mo sì tún ro ti Bishop. Ẹni tó ń tẹ̀lé amọ̀nà nínú òkùnkùn kò rí ju ibi tí àtùpà tàn dé lọ. Iṣẹ́ amọ̀nà ni láti sọ ohun tó wà níwájú: ọ̀gbun wà níbí, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ di èyí mú. Ẹrú tí kò ní ẹ̀tọ́ lórí ara rẹ̀ ń sọ ọ́ fún àwọn àjèjì. Ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n tọ́, tí wọ́n fi owó aṣọ rán ní ilé ìwé kò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

Nígbà tí mo délé kẹ́yìn, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Màmá ní yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá bi mí pé, “Nígbà tí mo bi ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, o ti mọ̀?”

“Mo ti mọ̀, Màmá.”

“Nígbà tí mo bi ọ́ nísàlẹ̀ ńkọ́?”

“Mo mọ̀.”

“Ẹsẹ̀ mi ni, Àkànjí. Ó yẹ kí n wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń pinnu lé e lórí.”

Wọ́n dárí jì mí, wọ́n sì fi ẹnu wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà kan bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ìgbà náà, tí èmi àti ìyàwó mi jọ wà lórí ìlà, ìyàwó mi ni wọ́n bi pé, “Ìyàwó mi, kí ló wí?” N kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ná mi, kò sì sí iye tí mo lè fi rà á padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtimú òbí yín lọ wo ihò, òkè tàbí ìṣàn omi, ẹ gbọ́ mi. Ẹ ra íńṣọ́ránsì kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ sì béèrè bóyá ó kan àìsàn tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹ ka iye àtẹ̀gùn sí wọn létí, ní Yorùbá, kí ẹ tó sanwó. Ẹ béèrè bóyá ọ̀nà àbùjá wà láàárín. Bí ọ̀nà kúkúrú bá wà, ẹ má fojú tẹ́ḿbẹ́lú rẹ̀; ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ẹwà wà. Bí wọ́n bá sọ pé ẹ̀gbẹ́ àgọ́ tẹ́ àwọn lọ́rùn, ẹ gbà wọ́n gbọ́. Bí amọ̀nà bá sì sọ̀rọ̀, ẹ túmọ̀ gbogbo rẹ̀, pàápàá èyí tí yóò ba ètò yín jẹ́, kí wọ́n lè fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn ń lọ tàbí àwọn ń dúró.

Ní tèmi, mò ń dá owó góòlù náà padà díẹ̀díẹ̀. Mo sì jẹ ẹbí wa ní gbèsè kan tí owó kò lè san, èyí tí mo fi ìwé yìí san. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin ará Gbági tí ẹ kí Màmá kú ewu tí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n máa rọra rìn: ìyá wa kò wàǹwára. Ọ̀nà tí wọn kò yàn ni wọ́n ti ṣubú, èmi ni mo sì yàn án fún wọn.